Fífi Ẹsẹ̀ Kan Dúró Kọ́ Ni Ìwé Kíkà

Ní kí ọmọ tó ní dyslexia, ìyẹn ọmọ tí orí rẹ̀ pé àmọ́ tí ìwé kíkà ń ni lára, fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ó lè dúró gbọin. Wá ní kó máa ka nọ́ńbà bó ṣe dúró yẹn, kó o wá rí i bí ara rẹ̀ á ṣe máa fì. Irú nǹkan báyìí ni Nicolson àti Fawcett, onímọ̀ méjì ní Sheffield, kọ jáde lọ́dún 1990. Àlàyé wọn ni pé ohun tó yẹ kó ti mọ́ ọmọ lára kò tíì mọ́ ọn lára, gbogbo ọkàn ló ṣì fi ń ṣe é. Nígbà tó yá, wọ́n nawọ́ sí apá ọpọlọ tó wà nípàkọ́, tó ń bá wa darí ìrìn àti ìdúró.

Àlàyé náà dùn gbọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó yá di ọjà. Dúró lórí pákó tó ń mì, ju bọ́ọ̀lù sókè kó o hán an, ìwé kíkà á tẹ̀lé e: ohun tí wọ́n ń sọ fún òbí nìyẹn. Ní Britain, ìwádìí tí wọ́n fi gbe irú ètò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn dá awuyewuye sílẹ̀ débi pé àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ìwé ìmọ̀ tó tẹ̀ ẹ́ jáde kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Ìwádìí mìíràn wà tí kò tà lọ́jà. Lọ́dún 2003, Raberger àti Wimmer ní Austria ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èyí tó ní dyslexia nìkan, èyí tó ní ADHD, ìyẹn ìṣòro àìlèfọkànsí nǹkan, àti èyí tó ní méjèèjì. Àwọn tó ní ADHD ni kò lè dúró dáadáa. Nígbà tí Rochelle àti Talcott kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 2006, ibì kan náà lọ̀rọ̀ já sí.

Ní tiwa, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Ọmọ tó ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n lórí ẹsẹ̀ kan lè máa sọ nǹkan fún wa nípa ọkàn rẹ̀ tí kò dúró sójú kan. Kò sọ nǹkan kan nípa lẹ́tà. Ìṣòro méjèèjì sì sábà máa ń bá ara wọn rìn, síbẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo làwọn ilé ìwé máa ń yẹ̀ wò. Ọmọ tó ń fò kiri kíláàsì, kíá ni wọ́n á rí i. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ tó jókòó sẹ́yìn, tó ń wo ojú fèrèsé, tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ńkọ́? Olódo ni wọ́n á pè é.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà o. Ta ni ò ní wòkè bí wọ́n bá gbé ìwé tí kò lè kà síwájú rẹ̀ fún wákàtí kan? Kí olùkọ́ ka ìtàn sí i létí, kó wá wò ó. Bó bá gbọ́ ọ dópin, tó sì lè tún un sọ, ìwé ló ń lé ọkàn rẹ̀ lọ. Bí ìtàn náà bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ ká wádìí síwájú.

A ò ní kọ́mọ má ṣeré. Kó fò, kó sáré, kó gun igi pàápàá, àmọ́ ká máa pe eré ní eré. Àkókò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìwé kíkà, ìró àti lẹ́tà ni kí wọ́n fi kọ́ ọ, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, láìkánjú. Kò yẹ kí ìjọba kankan fowó ìlú ra pákó tó ń mì lórúkọ ìwé kíkà.

Wọ́n á ní àyẹ̀wò ADHD gbówó lórí. Ìwé ìbéèrè tí òbí àti olùkọ́ máa fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ju ojú ewé mélòó kan lọ. Kí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ so ó mọ́ àyẹ̀wò dyslexia láti sáà tó ń bọ̀.