Owó Píọ̀ Wọ́tà Méjì

Ní oṣù kẹfà 2024, àjọ NIMC, tó ń fún aráàlú ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, tún fèsì sí ìròyìn pé wọ́n ń ta NIN aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó já wọ àpamọ́ àwọn, pé àwọn ìkànnì tó ń ta NIN kò gbàṣẹ, kí aráàlú ṣọ́ra. Kí aráàlú ṣọ́ra kẹ̀? Paradigm Initiative, ẹgbẹ́ tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ₦100 làwọn fi ra ìwé NIN mínísítà ìbánisọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, Bosun Tijani. Báwo lòun ì bá ti ṣe ṣọ́ra?

Ògiri kò lanu, NIMC wí bẹ́ẹ̀. Aláǹgbá wá ńkọ́, tó ń rìn kiri nínú pálọ̀?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ XpressVerify, ìkànnì mìíràn tó ń ta NIN, jáde lóṣù kẹta ọdún náà, a sọ ọ́ lójú ewé yìí pé ẹnu ọ̀nà ni kí wọ́n lọ wò, ìyẹn ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tí NIMC fún ní kọ́kọ́rọ́ láti máa yẹ NIN wò. Ẹni tó bá ti jókòó ṣe síìmù rí mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá rẹ̀, èyí tí wọ́n fi báírò kọ sára páálí, tí wọ́n lẹ̀ mọ́gi lókè ibi tí fóònù ti ń gba iná. Ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́, òun náà á tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí wọ́n lé lọ lọ́dún tó kọjá ṣì mọ̀ ọ́n sórí. Lójú ẹ̀rọ, ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn.

Láti 2019 ni Gartner, ilé iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti fún oògùn irú àìsàn yìí lórúkọ: SASE (Secure Access Service Edge). Tẹ́lẹ̀, ọ̀nà lọ́tọ̀, ẹ̀ṣọ́ lọ́tọ̀. Ẹ̀ka Òṣogbo á kọ́kọ́ gbé dátà lọ sí olú ilé iṣẹ́ l'Ékòó kí wọ́n tú u wò kó tó jáde. Ó ń falẹ̀, òṣìṣẹ́ á sì fi íntánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé. SASE kó ọ̀nà àti ẹ̀ṣọ́ pọ̀ sórí kíláòdù, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí à ń lò láti ọ̀nà jíjìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi yòówù kó o ti wọlé, ẹ̀ṣọ́ ti wà níbẹ̀: ta ni ọ́, ẹ̀rọ wo lo gbé dání, kí lo ń wá? Bó o bá padà dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, á tún bi ọ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ á ní dọ́là ni wọ́n ń fi san owó SASE, pé nígbà tí okùn abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá já nítòsí Abidjan ní 14 March 2024, kíláòdù ò ṣe é dé. Òótọ́ ni; kí wọ́n ní ju ọ̀nà kan lọ. Ṣùgbọ́n ìtanràn tí òfin ààbò dátà 2023 fọwọ́ sí lè tó 2% owó tó ń wọlé fún ilé iṣẹ́ ńlá lọ́dún. Kí wọ́n lọ ṣírò èyí tó wọ́n jù.

Kí NIMC dárúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wọlé, kí wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ náà. Kí wọ́n má dá a padà títí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń yẹ NIN wò yóò fi máa jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ lójú ẹ̀rọ, nígbàkigbà tó bá béèrè. Tijani kì í ṣe òpè sí iṣẹ́ yìí, ó wà lára àwọn tó dá CcHub, ibùdó àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, sílẹ̀ ní Yábàá. Wọ́n ta ìwé tirẹ̀ lówó píọ̀ wọ́tà méjì. Kí ló tún ń dúró dè?