Ojú irin kan ṣoṣo kọ́ ló dá rélùwéè wa dúró

Wọ́n tún ti sọ ọ́. Inú taksí la wà, à ń bọ̀ láti Kútọnu sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti ká wa mọ́ Sẹ̀mẹ̀, àwa mẹ́rin la fún ara wa pọ̀ lẹ́yìn. Ẹnì kan ní ká ní wọ́n dá rélùwéè padà ni, a ò bá ti délé. Ni ẹ̀gbọ́n kan tó jókòó níwájú bá yíjú sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ̀ ju gbogbo wa lọ. Ó ní, "Rélùwéè wo? Ti Pọ́bẹ̀ yẹn tí ojú irin rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan? Bí ọkọ̀ kan bá ń lọ, òmíràn ò lè máa bọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fa ojú irin kejì, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ rélùwéè." Gbogbo ọkọ̀ ń mi orí. Awakọ̀ náà ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀nà rélùwéè tó ti Kútọnu gba Àjàṣẹ́ àti Sakété lọ sí Pọ́bẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ kọ́ o. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, mo ti gbọ́ ọ níbi ìnáwó lẹ́nu àwọn tó yẹ kí wọ́n mọ̀, ó sì ti sú mi. Ọ̀rọ̀ tó ń mú káwọn èèyàn káwọ́ lẹ́rán ni. Bí a bá ti gbà pé àfi irin méjì, tí a sì mọ̀ pé kò sí owó irin méjì, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kálukú á padà sínú taksí.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lórí ẹ̀ka tó ní ojú irin kan, òfin tó wà ni pé láàárín ibi ìyàgò kan sí èkejì, ọkọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ wọlé bí òmíràn bá ń bọ̀ wá kò ó lójú. Ibi ìyàgò yìí kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ojú irin á là sí méjì fún ìwọ̀nba mítà, á tún pa pọ̀. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Pọ́bẹ̀ á yà sí apá kan, á dúró. Èyí tó ń lọ láti Àjàṣẹ́ á gba apá kejì kọjá, oníkálukú á sì bá tiẹ̀ lọ. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pá kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń ṣe fún abala ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ tí ọ̀pá yẹn ò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ wọ abala náà, bó ti wù kó pẹ́ tó. Níbi ìyàgò ni wọ́n ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pá kan ló wà, níbo ni ọkọ̀ méjì ti fẹ́ forí gbárí? Lóde òní, iná àti wáyà ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀pá yẹn ní ọ̀pọ̀ ibi.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ọkọ̀ mélòó ni ọ̀nà kan lè gbà lóòjọ́, ẹ má wulẹ̀ ka iye irin. Ẹ wá àlàfo tó gùn jù láàárín ibi ìyàgò méjì, kẹ́ ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ fi ń rìn ín. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀nà tiwa ṣírò. Ká ní ọkọ̀ máa lo ìṣẹ́jú 40 láti Àjàṣẹ́ dé Sakété, tí kò sì sí ibi ìyàgò kankan láàárín wọn. Ẹ fi ìṣẹ́jú 5 kún un, kí wọ́n fi rójú yí ọ̀nà padà fún ọkọ̀ tó kàn. Ọ̀kan á lọ, ìṣẹ́jú 45. Ọ̀kan á bọ̀, ìṣẹ́jú 45. Wákàtí kan ààbọ̀ gbáko ni ẹ máa dúró kí òmíràn tó tún ṣí ní Àjàṣẹ́. Láti aago 6 àárọ̀ sí aago 8 alẹ́, ọkọ̀ 10 péré nìyẹn. Ibi tí ẹ̀gbọ́n yẹn rí nìyí, kò sì sún kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ẹ wá fi ibi ìyàgò kan sí agbedeméjì. Abala kọ̀ọ̀kan di ìṣẹ́jú 20, ẹ fi 5 kún un, àlọ àtàbọ̀ di ìṣẹ́jú 50. Ó di ọkọ̀ 17. Ẹ jẹ́ kí ibi ìyàgò di mẹ́ta, kí wọ́n pín ọ̀nà náà dọ́gba, kí abala kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 10: ọkọ̀ á máa ṣí ní ìṣẹ́jú 30, ìṣẹ́jú 30. Ọkọ̀ 28 á lọ, 28 á bọ̀, lójúmọ́ kan, lórí irin kan náà tí wọ́n ní kò lè gba méjì. Ohun tó kù ni pé kí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀nà náà ní àyè tí ọkọ̀ méjì lè dúró sí.

Mo sọ pé kí wọ́n pín in dọ́gba, mi ò kàn sọ ọ́ lásán. Bí wọ́n bá gbé ibi ìyàgò kan ṣoṣo náà sí ìṣẹ́jú 5 sí Àjàṣẹ́ torí pé ilẹ̀ ọ̀rẹ́ ẹnì kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ tà, ìṣẹ́jú 35 ló ṣì ṣẹ́ kù lápá kejì. Ẹ ṣírò ẹ̀: ìṣẹ́jú 80 kí ọkọ̀ míì tó ṣí. Wọ́n ti náwó, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí nǹkan kan padà. Nígbà tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlẹ́nu á ní, "Ṣé a ò sọ fún yín? Àfi irin méjì."

Ìṣirò orí ìwé kọ́ ni gbogbo èyí. Ní Cornwall, ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀ka rélùwéè kan wà láti Truro lọ sí Falmouth létí òkun. Gígùn rẹ̀ ò tó 20 kìlómítà. Ojú irin kan ni. Nǹkan bí ọkọ̀ kan ní wákàtí kan ni wọ́n ń rí tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ lọ́nà náà nítorí ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Penryn. Wọn ò fa irin kejì láti Truro dé Falmouth. Ibi ìyàgò kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe sí Penryn lọ́dún 2009, mílíọ̀nù 7.8 owó pọ́ùn ló gbà wọ́n. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ń lọ ní ìṣẹ́jú 30, ìṣẹ́jú 30, èrò sì pọ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe ṣe é ló wù mí jù. Pèpéle gígùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi sí ibùdókọ̀ náà, àwọn ọkọ̀ méjèèjì ló ń lò ó: ọ̀kan á dúró sí orí pèpéle lápá ibí, èkejì á dúró sí ìdí rẹ̀ lápá ọ̀hún, ẹnikẹ́ni ò ní gun afárá kankan kó tó wọ ọkọ̀ tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe yọ owó afárá kúrò nínú ìnáwó nìyẹn. Èèyàn tó mọ owó ná ló ń ronú bẹ́ẹ̀.

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n inú taksí. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni Gẹ̀ẹ́sì, pé irin tiwọn fẹ̀ ju tiwa lọ. Ó dáa. Mítà kan ni àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá irin méjèèjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lé lórí nínú ojú irin kan tiwa, láti Kútọnu títí dé Parakou, 438 kìlómítà. Mítà kan náà ni ti rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Rhätische Bahn ní orílẹ̀-èdè Siwisi. Nǹkan bí 385 kìlómítà ni tiwọn, lórí òkè gàgàrà, nínú yìnyín, ibi tó sì pọ̀ jù níbẹ̀, ojú irin kan ni. Èrò tó ju mílíọ̀nù 10 ló ń wọ̀ ọ́ lọ́dún. Ihò Vereina tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ òkè, tí wọ́n sì ṣí lọ́dún 1999, gùn tó kìlómítà 19. Ojú irin kan ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n gbẹ́ ibi ìyàgò sáàárín ihò yẹn gan-an, lábẹ́ òkè, ọkọ̀ tó ń kó mọ́tò kọjá sì ń gba ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú 30, ìṣẹ́jú 30. Inú òkúta ni wọ́n ti yàgò fún ara wọn, àwa tí a wà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ la ní kò ṣeé ṣe.

Ẹni tí Siwisi bá ṣì jìnnà sí, kó wo Mauritania níbí. Nǹkan bíi 700 kìlómítà nínú aṣálẹ̀, láti Zouérat dé Nouadhibou, ojú irin kan, láti ọdún 1963. Ọkọ̀ tó ń kó òkúta irin níbẹ̀ lè ju vágọ̀n 200 lọ, kó sì gùn ju kìlómítà 2 lọ. Wọ́n ń pàdé ara wọn, wọ́n ń yàgò.

Òdìkejì ọ̀rọ̀ náà wà nítòsí wa. Láti Èkó sí Ìbàdàn, 157 kìlómítà, ojú irin méjì ni wọ́n tẹ́, wọ́n sì ṣí i lóṣù kẹfà ọdún 2021. Mo ti wọ̀ ọ́ láti Ẹ̀búté Mẹ́ta dé Mọníyà. Ọkọ̀ tó mọ́ tó sì tura ni, ẹ má gbọ́ ọ́ sódì. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí irin kejì ni mo jókòó sí, ojú mi ò sì kúrò lára rẹ̀. Ó ń bá wa lọ, igbó, ìlú, igbó, kò sí nǹkan lórí ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan la pàdé ọkọ̀. Iye ọkọ̀ èrò tó ń gba ibẹ̀ lójúmọ́, ojú irin kan tó ní ibi ìyàgò tó dáa á gbé e, àyè á tún ṣẹ́ kù. Àbújá sí Kàdúná tí wọ́n ṣí ní 2016, ojú irin kan ni, èrò sì ń dù ú. Níjẹ̀r ńkọ́? Wọ́n tẹ́ irin tuntun láti Niamey dé Dosso, nǹkan bí 140 kìlómítà, wọ́n ṣe ayẹyẹ rẹ̀ ní 2016. Irin wà nílẹ̀. Ọkọ̀ èrò tó ń ná an déédéé ni kò sí.

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ máa ń sọ fún mi pé, "Ṣé o ò rántí bí a ṣe máa ń pẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà tí ọkọ̀ èrò ṣì ń lọ sí Parakou ni?" Mo rántí dáadáa. Èmi àti ìyá mi lọ ra iṣu, a jókòó sórí àpò ní ibùdókọ̀, oòrùn mú. Àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wàrà kiri lẹ́bàá fèrèsé, èyí tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà sè tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi pupa. Ìyá mi ná méjì, ó rà á, a jẹ ẹ́ tán, ọkọ̀ ò tíì ṣí. Ọ̀gá ibùdókọ̀ ń jáde, ó ń wọlé, ó mú àsíá dání, tẹlifóònù ń ké nínú yàrá rẹ̀. Ṣé irin kan ló dá wa dúró? Irin ìyàgò wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, orí rẹ̀ gan-an la wà. Ọkọ̀ tó yẹ kó ti Parakou wá pàdé wa ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lọ́nà, tí kò sì sí ẹ́ńjìnnì míì tí wọ́n lè fi lọ fà á. Ká ní irin méjì ló wà, àwa á ti lọ, òótọ́ ni. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún á ṣì wà nínú igbó níbẹ̀. Lọ́jọ́ míì, àwa la máa wà nínú igbó.

Ẹ́ńjìnnì tó gbó, irin tó ti jẹ tí ọkọ̀ kò lè sáré lórí ẹ̀, vágọ̀n tí kò tó: àwọn nìyẹn ló pa rélùwéè wa. Ẹ ò lè fi irin kejì wo ẹ́ńjìnnì sàn.

Ti pé "nílẹ̀ Faransé, irin méjì ló wà níbi gbogbo," mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ lọ sí ìgbèríko wọn mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà míì sì wà tí ọkọ̀ fi lè gbé èrò sí i, tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ: kí ọkọ̀ gùn sí i. Èèyàn mẹ́fà ni taksí Kútọnu sí Àjàṣẹ́ ń kó, méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Bí vágọ̀n kan bá gba èèyàn 60, tí ọkọ̀ ojú irin sì fa márùn-ún, 300 èèyàn nìyẹn, taksí 50 nínú ìrìn àjò kan ṣoṣo. Ẹ fi ọkọ̀ 28 sọ ọ́ di púpọ̀: 8,400 èèyàn lọ, iye kan náà bọ̀. Kí pèpéle ibùdókọ̀ ṣáà gùn tó o, kí ibi ìyàgò náà gùn tó o, nítorí vágọ̀n tó bá yọ síta níbi ìyàgò ti dínà fún ọkọ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn.

Irin kan ní òpin tiẹ̀, mo gbà: bí ọkọ̀ kan bá pẹ́, ó máa mú èyí tó fẹ́ pàdé pẹ́, ibi tí wọ́n bá sì ti ń fẹ́ ọkọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n fa méjì. Ṣé Pọ́bẹ̀ ló ń fẹ́ ọkọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún?

Kí àwọn tó ń pariwo irin kejì sì sọ ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e gbà. Ìgbà ìjọba amúnisìn ni wọ́n ti fa ọ̀nà yẹn, ìlú ti fẹ̀ dé etí rẹ̀. Irin kejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ilé mélòó ni wọ́n máa wó, afárá mélòó ni wọ́n máa kọ́ ní méjì-méjì? Ẹ́ńjìnnì kan àti vágọ̀n márùn-ún ò fi bẹ́ẹ̀ ju 120 mítà lọ. Ibi ìyàgò tí wọ́n bá fún ní 300 mítà ti tó, agbedeméjì Àjàṣẹ́ àti Sakété sì ni ibi tó yẹ ẹ́, níbi tí oko ṣì wà. Kí wọ́n fi owó tó bá ṣẹ́ kù ra ẹ́ńjìnnì.