Kì í ṣe igi ni eyín George Washington

Níbi ìsọmọlórúkọ kan tí mo lọ ní Maryland lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ń sọ fún àwọn ọmọdé pé igi ni wọ́n gbẹ́ ṣe eyín George Washington, Ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn òbí wọn sì ń mi orí sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbọ́ ọ, irọ́ sì ni.

Ẹni tó bá ti run pákò rí kò yẹ kó gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ìyá mi àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde a máa run orín ata láràárọ̀. Kí a tó mu ẹ̀kọ tán, itọ́ á ti rọ orí igi líle yẹn, á sì ti tú bíi búrọ́ọ̀ṣì. Báwo ni eyín onígi yóò ṣe wà lẹ́nu ẹni tó ń jẹun lójoojúmọ́ fún ọdún gbáko?

Eyín àtọwọ́dá rẹ̀ kan ṣì wà ní Mount Vernon, ilé rẹ̀ létí odò Potomac ní Virginia, mo sì ti fojú ara mi rí i. Òjé ni ìdí rẹ̀. Eyín ènìyàn, ti màlúù àti ti ẹṣin ni wọ́n tò sórí òjé náà, sípíríǹgì sì ń ti apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ kúrò lára wọn débi pé, bí ó bá fẹ́ pa ẹnu dé, àfi kó fi agbára deyín. Èyí tí John Greenwood, oníṣègùn eyín ní New York, ṣe fún un ní 1789, eyín erinmi ló gbẹ́ ẹ lára, ó sì dá ihò kan sí i fún eyín kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu Washington nígbà tó búra gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ lọ́jọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún yẹn. Ní 1798, Greenwood kọ̀wé sí i pé eyín tó fi ránṣẹ́ fún àtúnṣe ti dúdú gan-an, pé ọtí wáìnì ló fà á. Eyín erinmi tó ti dúdú, tó sì sán, lè jọ igi lójú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó dùn mí jù ni ohun tí ìtàn igi yìí bò mọ́lẹ̀. Nínú ìwé ìṣirò owó Washington, ní oṣù karùn-ún 1784, wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n san pọ́ùn 6 àti ṣílè 2 fún àwọn Níígírò fún eyín 9, ní tìtorí Jean-Pierre Le Mayeur, ará Faransé tó ń tọ́jú eyín rẹ̀. Gínì 2, owó wúrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ṣílè 21, ni Le Mayeur yìí kan náà ń polówó nínú ìwé ìròyìn pé òun yóò san lórí eyín iwájú kan, nítorí náà, ohun tí àwọn wọ̀nyí gbà kò tó ìdámẹ́ta iye yẹn. Ẹni tí ẹlòmíràn ni ara rẹ̀ kò lè kọ̀ bí wọ́n bá ní kó la ẹnu, ẹrú tó wà ní Mount Vernon sì jẹ́ 317 lọ́dún tí Washington kú, ìyẹn 1799. Mo gbà pé ìwé náà kò sọ bóyá ẹnu Washington gan-an ni eyín mẹ́sàn-án yẹn wọ̀.

Nígbà tí mo ṣe àlàyé yìí tán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé kí ni orúkọ àwọn tó ni eyín náà. Mo sọ fún un pé wọn kò kọ orúkọ kankan síbẹ̀.