Owó Ọpẹ́ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Ò Bọ́ Lọ́wọ́ Òfin Rìbá

"A ò fún òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn ní kọ́bọ̀ kó tó ṣe iṣẹ́ wa. Ó ti buwọ́ lùwé tán ká tó lọ dúpẹ́. Ṣé ìyẹn náà di àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, gbogbo àwọn tó jókòó tì í sì ń mi orí. Kì í ṣe oníjìbìtì. Ohun tó gbà gbọ́ ló sọ.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń tàn wá. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀: ohun tí a fi bẹ ènìyàn tẹ́lẹ̀. Tí owó bá wá kẹ́yìn iṣẹ́, ó dà bíi pé orúkọ náà ò bá a mu mọ́. Òwe wa tún gbè é lẹ́sẹ̀: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2000 tí ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ ní Nàìjíríà, ń lò ò dúró lórí "tẹ́lẹ̀" yẹn. Abala 8 mú òṣìṣẹ́ ìjọba tó gba nǹkan lọ́nà ìwà ìbàjẹ́ nítorí ohun tó fẹ́ ṣe lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mú ẹni tó gbà á nítorí ohun tó ti ṣe tán. Ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń wá kọ́ńtíráàtì, láísẹ́ǹsì tàbí iṣẹ́ ìjọba ló fún un, kóòtù á kà á sí rìbá, àfi tí ẹni tó gbà á bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sì lè sọ pé àṣà ni: abala 60 ò gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fàyè gba òṣìṣẹ́ ìjọba láti gba ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ ìbátan tàbí ọ̀rẹ́, níwọ̀n tí àṣà mọ̀ ọ́n mọ, bí ìgbà ìkómọ. Ẹni tí o kọ́kọ́ rí nídìí tábìlì ọ́fíìsì kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ.

Lóòótọ́, ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ nínú ẹjọ́ Snyder pé òfin àpapọ̀ kan níbẹ̀ ò kan owó ọpẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Olórí ìlú kékeré kan ní Indiana nígbà kan rí ni Snyder. $13,000 ló gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ta ọkọ̀ akódọ̀tí fún ìlú rẹ̀. Òfin tiwọn nìyẹn. Tiwa kọ "ti ṣe tán" sílẹ̀ gbangba.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí gan-an ló pe òfin ICPC lẹ́jọ́ pé Àbújá ò láṣẹ láti ṣe é. Ní June 7, 2002, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní òfin náà dúró. Abala 35 àti apá kan nínú abala 26 nìkan ni wọ́n fagi lé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó ṣe wá lóore gan-an ni a ń fi owó ọpẹ́ tì sọ́nà ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé kí wá ni kóun ṣe. Mo ní, "Ẹ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, kẹ́ ẹ dárúkọ ẹ̀ síbẹ̀." Ó ránṣẹ́ ra bébà lọ́jọ́ náà.