Ta ló sọ pé ilẹ̀ kì í sá lọ?

Àbúrò mi tó wà ní London fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lánàá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ilẹ̀ kan ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Wọ́n ní èèyàn ń gbọ́ ìró òkun láti ibẹ̀. Ajẹ́ńtì ní kí n má fòyà, pé ilẹ̀ kì í sá lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ilẹ̀ Ìbàdàn lè má sá lọ. Ti etí òkun ń sá lọ, ojú mi ló ṣe.

Bàbá ìyàwó mi ra ilẹ̀ sí Òkun Alfa, abúlé kan létí òkun ní Lẹ́kkí. Nígbà tí a kọ́kọ́ lọ wò ó, a rìn lórí iyanrìn títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá kí á tó kan omi. Nígbà tí mo padà lọ, àgbọn tí a jókòó sábẹ́ rẹ̀ ti wó, gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ wà níta. Òpó símẹ́ǹtì tí sọ̀féyọ̀ rì sígun ilẹ̀ ti wà nínú omi, ìgbì ń gorí rẹ̀. Ìwé ilẹ̀ ṣì wà nínú àpótí bàbá títí dòní.

Ìgbì ló ń kó iyanrìn etíkun wa láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Láàárín 1908 sí 1912, òyìnbó to òkúta ńláńlá sẹ́nu ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọ Èkó. Òkúta náà dí iyanrìn lọ́nà, ó gbára jọ sí Lighthouse Beach lápá ìwọ̀-oòrùn. Bar Beach tó wà lódìkejì kò rí òmíràn gbà mọ́, òkun bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ìgbì gbá ilé pákó tó wà létí òkun Kuramo ní Victoria Island lọ tèèyàn tèèyàn. Ayétòrò ní Ìlàjẹ ńkọ́, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947? Ilé àti òpópónà tó ti bómi lọ níbẹ̀ kò lóǹkà.

Wọ́n á ní owó ilẹ̀ ń gòkè. Ta ni yóò ra èyí tó ti di omi?

Mo gbà, iyanrìn ń pọ̀ sí i láwọn ibòmíràn. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ kò ní sọ èyí tí tìrẹ jẹ́.

Mo ti ní kí àbúrò mi má tíì san kọ́bọ̀. Mò ń lọ lọ́jọ́ Sátidé. Kí n tó rí ajẹ́ńtì, àwọn àgbà apẹja ibẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ bi pé: nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ibo ni omi mọ?