Oòrùn ilẹ̀ wa kọ́ ló ń mú ọkọ̀ hó: ẹ yé yọ tẹmọ́sítáàtì dànù

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká yọ tẹmọ́sítáàtì yìí kúrò. Àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún, nítorí òtútù ọ̀dọ̀ wọn. Níbí, kò wúlò, ṣe ló ń mú ọkọ̀ gbóná."

Bóyá ni ẹni tó ti ní mọ́tò àgbà kan rí nílẹ̀ Yorùbá wà tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Mẹkáníìkì ń sọ ọ́, àwọn onítakisí ń sọ ọ́, àná ẹni pàápàá á máa sọ ọ́ níbi ìkómọ. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe òótọ́. N kò sọ pé ẹni tó ń sọ ọ́ fẹ́ rẹ́ wa jẹ o. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe fi lé e lọ́wọ́ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ náà ló ṣe ń fi lé ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó ń fi epo wa ṣòfò, ó ń gé ẹ̀mí ẹ́ńjìnì kúrú, èyí tó sì burú jù níbẹ̀ ni pé ó máa ń bo àìsàn gan-an tó ń ṣe ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Kí ni tẹmọ́sítáàtì? Ohun kékeré kan báyìí ni, kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ilẹ̀kùn ni. Ó jókòó sójú ọ̀nà omi láàárín ẹ́ńjìnì àti rédíétọ̀, ibi tí atẹ́gùn ti ń mú omi náà tutù. Wọ́n di ìda sínú ife irin kékeré kan ní àárín rẹ̀. Bí omi ẹ́ńjìnì bá gbóná dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára, ìda náà á yọ́, á wú, á ti ọ̀pá tín-ínrín kan jáde, ilẹ̀kùn á ṣí. Bí omi bá tutù, ìda á dì padà, sípíríǹgì á pa ilẹ̀kùn dé. Kò lo iná, kò lo wáyà. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota tó wà lójú títì wa, nǹkan bíi 82°C ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kí ọkọ̀ tó gbóná débi tí yóò fi hó, tẹmọ́sítáàtì tó ń ṣiṣẹ́ ti ṣí gbayawu tipẹ́tipẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí agbára kankan lọ́wọ́ rẹ̀ láti mú un gbóná kọjá ààlà, àfi bó bá ti kú sípò títì, mo sì ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ oòrùn wá ńkọ́? Omi ẹ́ńjìnì tó ń ṣe dáadáa máa ń wà ní nǹkan bíi 90°C. Iná tó ń bú gbàù nínú sílíńdà lè kọjá 2,000°C. Ká tilẹ̀ ní Ìbàdàn gbóná dé 38°C lóṣù kẹta, kí Lọ́ńdọ̀nù wà ní 5°C lọ́jọ́ kan náà, òtútù ni méjèèjì lójú ẹ́ńjìnì. Ní Kuwait àti Saudi Arabia, níbi tí ooru ti máa ń kọjá 45°C nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tẹmọ́sítáàtì wà nínú ọkọ̀ wọn. Ó wà nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń kó lọ síbẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ta ló wá sọ fún wa pé oòrùn tiwa mú ju tiwọn lọ?

Corolla ọdún 2005 kan wà tí Bàámi fà lé mi lọ́wọ́ nígbà tí ojú wọn ò ríran dáadáa lálẹ́ mọ́. Ọkọ̀ ilé wa ni, òun ló gbé wa lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, òun ló gbé Màámi lọ sílé ìwòsàn, tó sì gbé wọn padà wálé. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń mu epo bí ẹni mu omi, iná aláwọ̀ ìyeyè tó ní àwòrán ẹ́ńjìnì kì í sì í kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n bá mi pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, wọ́n pààrọ̀ ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀. Iná náà á kú fún ọjọ́ méjì, á tún tàn. Nígbà tí lítà epo kò tíì tó 200 náírà, mo fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó epo ta sókè, mi ò lè fara mọ́ ọn mọ́.

Mo ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì sábẹ́ sítíárìn, tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Ó gbé nọ́ńbà P0128 wá. Ìtumọ̀ nọ́ńbà yẹn ni pé omi ẹ́ńjìnì kò gbóná tó bó ṣe yẹ kó gbóná. Mo gbé fóònù síwájú, mo wakọ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road, omi gun dé 85°C. Mo bọ́ sí márosẹ̀ Èkó, atẹ́gùn ń fẹ́ sí rédíétọ̀, ó já wálẹ̀ sí 64°C, ó sì dúró síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, tí ẹ́ńjìnì ti tutù pátápátá, mo tú nọ́ọ̀tì méjì tó di ilé tẹmọ́sítáàtì mú. Omi aláwọ̀ ìpẹtà ya jáde. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ihò lásán.

Mo pe Bàámi. "Bàámi, ta ló yọ tẹmọ́sítáàtì ọkọ̀ yìí?"

"Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe nígbà yẹn ni. Ọjọ́ tó hó mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín àwọn tírélà ní Ògèrè. Ó ní kò wúlò níbí. Láti ọjọ́ náà, kò sì hó mọ́."

"Kí ni wọ́n tún ṣe sí i lọ́jọ́ náà?"

Wọ́n rò ó díẹ̀. "Wọ́n pààrọ̀ fáànù. Èyí tó wà níbẹ̀ ti jó."

Ẹ ò rí i bí irọ́ yìí ṣe ń gbé láàárín wa? Nǹkan méjì ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ kan náà. Fáànù tuntun ló wo ọkọ̀ náà sàn, àmọ́ tẹmọ́sítáàtì ni wọ́n dá lẹ́bi, òun ni wọ́n sọ nù. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá rí abẹ́rẹ́ gééjì tó wálẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́ á gbà pé ẹ̀rí ti dé. Òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ náà á wálẹ̀ tí ẹ bá ń sáré. Ẹni tí ibà ń ṣe, tí wọ́n da omi tútù lé lórí, ara òun náà á tutù fúngbà díẹ̀.

Ọkọ̀ tí kò gbóná tó ń jìyà o. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa rò pé ṣe ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Díẹ̀ nínú epo yẹn á ṣàn sínú ọ́ìlì, á sì là á. Lójoojúmọ́ ni omi díẹ̀ ń kóra jọ sínú ọ́ìlì, ooru ẹ́ńjìnì ló ń gbẹ ẹ́. Bí ooru kò bá tó, ọ́ìlì á ki, á dà bí ẹrẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onígíyà ọ̀tọmátíìkì, gíyà tó ga jù kì í wọlé bọ̀rọ̀ tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Nínú àwọn ẹ́ńjìnì kan, tẹmọ́sítáàtì yìí kan náà ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi gbígbóná fi ń yí padà sẹ́ńjìnì láìdé rédíétọ̀. Yọ ọ́ kúrò, ọ̀nà àbùjá á ṣí sílẹ̀, ọkọ̀ á sì hó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn kan tó ń gbèjà tẹmọ́sítáàtì náà máa ń sọ pé láìsí i, omi á sáré jù, rédíétọ̀ kò ní ráyè tutù ú. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó ń yára ṣàn ń gbé ooru lọ dáadáa. Ẹ má fi irọ́ kan lé òmíràn.

Mo mọ ibi tó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Nígbà ayé Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, kábúrétọ̀ ló ń fún ẹ́ńjìnì lépo, kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí iná tí yóò tàn. Ọkọ̀ ń jìyà láìfọhùn. Àwọn ọ̀gá ìgbà náà yọ ọ́, wọn ò rí ewu, wọ́n sì fi kọ́ àwọn ọmọ wọn.

Tí ọkọ̀ yín bá ń gbóná, ẹ wo ibi tó ti ń gbóná ná. Bó bá jẹ́ inú gò-sílóò nìkan, tí abẹ́rẹ́ sì ń wálẹ̀ bí ẹ bá ti sáré díẹ̀, fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ tan AC. Fáànù gbọ́dọ̀ yí. Bí kò bá yí, ẹ wo fíúùsì, ẹ wo rílè, kí ẹ tó ra mọ́tọ̀ fáànù. Bó bá jẹ́ orí eré ló ti ń gbóná, rédíétọ̀ lè ti dí, tàbí kí pọ́ǹpù omi ti rẹ̀. Omi kànga tí a ń bù sí rédíétọ̀ ló ń fa ìpẹtà tó ń dí i. Kúláǹtì, omi tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹ́ńjìnì, ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí omi bá ń dínkù tí ẹ ò rí ibi tó ń jò, tí ọ́ìlì sì funfun bí tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, ẹ pa ọkọ̀ náà, ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì, tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì dà pọ̀, ti bàjẹ́.

Ìdérí rédíétọ̀ ni àwọn èèyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì gan-an. Òun ló ń há agbára mọ́ inú omi, tí omi tó yẹ kó hó ní 100°C fi lè dé nǹkan bíi 120°C kó tó hó. Bí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ bá ti sán, omi á hó ṣáájú àkókò, á sì ya jáde. Ìdérí olówó pọ́ọ́kú ló ń ṣe ọkọ̀, tí a sì lọ dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i nígbà tó bá gbóná. Mo mọ ẹni tó bó lójú títí dé ọrùn.

Ṣùgbọ́n tẹmọ́sítáàtì lè kú lóòótọ́, kó ti pa, kó má ṣí mọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín lóru lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi dé ilé, àfi bó bá jẹ́ irú ẹ́ńjìnì tí ọ̀nà àbùjá rẹ̀ á ṣí sílẹ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, ẹ ra òmíràn.

Bí mo ṣe ra tèmi nìyí. Mo ra méjì lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Mo fi òwú so wọ́n kọ́ sínú ìkòkò tí a ò lò mọ́, mo bu omi sí i, mo tan gáàsì, mo ki tẹmọ́mítà bọ omi náà. Ní 70°C, kò sí nǹkan. Nígbà tó lé díẹ̀ ní 80, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ẹyẹ tí ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ dé. Kí omi tó hó, ó ti là gbàgà. Èkejì pa ẹnu dé títí omi fi ń hó gan-an. Ká ní òun ni mo fi sínú ọkọ̀, ǹ bá ti gbà pé òótọ́ ni mẹkáníìkì sọ.

Mo gbé èyí tó pa ẹnu dé padà fún ẹni tó tà á, mo sì ṣàlàyé bí mo ṣe sè é. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó pààrọ̀ rẹ̀ fún mi. Èyí tó ṣí ló wà nínú Corolla Bàámi báyìí: 88°C ní Ìwó Road, 86°C ní márosẹ̀, iná aláwọ̀ ìyeyè yẹn kò sì tàn mọ́.