Ìwé Kíkà Kò Tán Síbi Ìdánwò: Ẹ Ṣí Ilé Ìkàwé fún Àgbà

Nígbà tí Henry Townsend, ajíhìnrere ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ìwé ìròyìn èdè Yorùbá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ohun tí ó ní òun ń lé ni kí ó mọ́ àwọn ènìyàn lára láti máa fi ìwé kíkà wá ìmọ̀. Àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá lápapọ̀ ni ó dárúkọ sí iwájú ìwé ìròyìn náà. Kò fi mọ sí ọmọ ilé-ìwé. Lónìí, bí ènìyàn bá ti gba ìwé ẹ̀rí tán, a máa ń ṣe bí ẹni pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìwé. Ìwé ẹ̀sìn ni ọ̀pọ̀ ṣì ń ṣí, èyí sì dára, ṣùgbọ́n ìwé ìtàn, ìwé ìlera àti ìwé àkàgbádùn ti di ohun tí ọmọdé ń kà kí ó lè yege.

Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni ó fà á. A kò gbà. Ẹ wo aránṣọ tí ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí ó sì wù ú láti kàwé: ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ilé ìkàwé ìjọba ti tì nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ti lọ sílé, iná lè má sí nílé rẹ̀, owó ìwé kan ṣoṣo sì lè tó owó oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan. Bí ó bá tilẹ̀ ráyè yà síbẹ̀ lọ́sàn-án, àwọn tí ń múra ìdánwò JAMB ni yóò bá lórí ìjókòó, ìwé tí wọ́n gbé wá láti ilé ni wọ́n sì ń kà.

Ikú bàbá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1920 dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ rú. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀wé, ó kọ ìròyìn, ó sì ṣòwò, ṣùgbọ́n kò dẹ́kun ìwé kíkà títí ó fi gba oyè ìmọ̀ òwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, láì kúrò ní Nàìjíríà, nígbà tí ó ti di baálé ilé ẹni ọdún 35. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ó di lọ́yà. Àwọn tí ń fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 yìn ín kì í sábà rántí pé ẹni tí ó ń kàwé nígbà tí ó ti bímọ ni ó gbé e kalẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an. Àfikún Kẹrin nínú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ẹ̀kọ́ àgbà mọ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ sí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó tí ó tọ́ sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn. Alága tí ó bá ń béèrè owó náà, kí ó béèrè iṣẹ́ tí òfin so mọ́ ọn pẹ̀lú.

A kò béèrè ilé aláràbarà. Olú-ilé Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè ní Abùjá, tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe ní 2006, tí ó sì dùbúlẹ̀ láìparí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti tó ẹ̀kọ́. Yàrá kan tí kò jò nítòsí ọjà tó, kí iná sólà wà níbẹ̀, kí ó máa ṣí láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ di mẹ́sàn-án alẹ́ àti ní Sátidé, kí wọ́n sì máa yá ènìyàn ní ìwé lọ sílé. Ìwé Yorùbá ni kí ó pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ tí ó kúrò nílé-ìwé ní ìwé mẹ́fà ṣì lè ka Yorùbá dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ni ó ń dí wọn lọ́nà. Kí alẹ́ kan sì wà lọ́sẹ̀ tí ẹnì kan yóò máa ka ìwé sókè fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà: ìyá tí ó ta ẹ̀fọ́ láti àárọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí ìtàn tí yóò mú un rẹ́rìn-ín. Èyí ni ó wù wá jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí níbi àlọ́ alẹ́, etí ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ fi pàdé ìtàn.

A ń retí kí àwọn alága kọ iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìwé sínú ètò ìṣúná ọdún tí ń bọ̀, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì káńsù, níbi tí aránṣọ àti ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ yóò ti rí i.